Lẹ́tà Mẹ́rin Tí Kò Lámì

"Fóònù ni mo ní kí ẹ gbé wá, Ìyá Àìná. Ti ẹ̀wà ti jẹ́?"

Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé na ọrùn bí àkùkọ, ó wo inú àpò aṣọ tí Ìbídùn gbé ka orí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀wà ló kún inú àpò náà dé ẹnu, ẹ̀wà tó ti pọ́n bí erùpẹ̀ ojú ọ̀nà, tí kòkòrò sì ti dá ihò sí lára.

"Fóònù wà nínú rẹ̀," ni Ìbídùn dáhùn. Ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà títí dé ìgúnpá, ó ń táràrà kiri níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹyin adìẹ nínú koríko. Nígbà tó yọ ọwọ́, fóònù ayé àtijọ́ kan bá a jáde, pẹlẹbẹ, dúdú, ojú rẹ̀ ti sán láti igun kan dé èkejì. "Òjò ló wọ inú rẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ní ìrẹsì ló máa ń fa omi lára fóònù. Mi ò ní ìrẹsì nílé. Ẹ̀wà ni mo ní."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méje. Ó pé géérégé lónìí."

"Háà! Ẹ̀wà ọlọ́dún méje! Kòkòrò inú rẹ̀ á ti bímọ, ọmọ á ti bí ọmọ-ọmọ, wọ́n á ti yan baálẹ̀ fún ara wọn."

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbà ọwọ́ òsì rẹ̀ ló gbọ̀n, ohùn jẹ́jẹ́ tí gbogbo ará Òkè-Ìrójú mọ̀ sì ti inú rẹ̀ jáde: "Ìbídùn, ojúlé kẹtàlélógún, ìpele kẹrin. Ó ku wákàtí kan àti ààbọ̀. Orúkọ Àìná, tí a kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún méje, yóò kúrò lẹ́nu ibodè ní agogo méjìlá ọ̀sán."

"Mo ti gbọ́," ni Ìbídùn sọ fún ẹ̀gbà náà, bí ìgbà tí èèyàn ń dá ọmọ tó ń kùn lóhùn.

Fákúnlé gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì. "Wọ́n ti wá wo yàrá rẹ̀?"

"Akọ̀wé ìpele wa wá lánàá. Ó fi okùn wọn ògiri. Ó ní ẹbí kan ń gòkè bọ̀ láti Etí-Òkun, èèyàn márùn-ún, omi ti gbé ilé wọn lọ. Ó bi mí bóyá bẹ́ẹ̀dì Àìná lè gba ọmọ méjì."

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní ó lè gba mẹ́ta, tí wọ́n bá sùn ní ìbú. Bàbá, kì í ṣe yàrá ló ń dùn mí. Kí wọ́n wá, kí wọ́n sùn. Orúkọ ọmọ mi ni mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ. Ilẹ̀kùn ibodè yìí kò mọ ojú, kò mọ ẹkún. Orúkọ nìkan ló mọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lónìí, tí Àìná sì gun òkè yìí dé lọ́la, ilẹ̀kùn á ní kó dárúkọ. Á dárúkọ. Ilẹ̀kùn á ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbo ló máa yà sí?"

Fákúnlé wo ọ̀nà ibodè láti ojú fèrèsé. Ilé ìmúpadà rẹ̀, níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ tó sọnù nínú fóònù, kò jìnnà sí ibodè. Ó ti rí àwọn tí ilẹ̀kùn kọ̀. Wọ́n á jókòó lórí ẹrù wọn, wọ́n á máa tún orúkọ ara wọn pè sí ilẹ̀kùn ní ọ̀kan-ò-jọ̀kan ohùn, bí ẹni pé àwọn ni wọn kò mọ̀ ọ́n pè.

"Òfin fi àyè kan sílẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Bí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá wà, tó sì fi hàn pé ó ń bọ̀ wálé, orúkọ á dúró. Kí ló sọ gbẹ̀yìn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo pa á rẹ́ kí n tó mọ ohun tó sọ."

"Ẹ pa á rẹ́? Ìjà lẹ jà ni?"

"Rárá o." Ìbídùn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọdún méje ló ti ń gbé ìtàn yìí kiri bí òkúta nínú bàtà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. "Àìná ti lo ọdún kan ní ìsàlẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń mọ odi dí òkun. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà nígbà yẹn. A ti ka ba, a ti ka da, a ti dé pa. Mo sọ̀rọ̀ sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo ní, 'Àìná, wọ́n ní òkun ti ń ré odi yín kọjá. Kí ni ká ṣe?' Èsì dé. Ó kọ ọ́ ni, kò sọ ọ́. Mi ò lè kà á. Mo ní kí n fi í pamọ́ títí tíṣà á fi bá mi kà á. Mo tẹ ọwọ́ mọ́ ọn, fóònù wá bi mí léèrè. Ó gbé ọ̀rọ̀ méjì síwájú mi. Mo rí p, mo rí a. Mo ní, háà, mo mọ èyí! Pa! Pa mọ́! Bàbá, inú mi dùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dá ka nǹkan lójú fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́."

"Pa rẹ́ sì ni," ni Fákúnlé wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Pa rẹ́ ló wà lókè. Pa mọ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò kà á dé ìdí."

Fákúnlé mi orí.

"Lọ́jọ́ kejì," ni Ìbídùn ń bá a lọ, "òpó tó ń gbé ọ̀rọ̀ wá láti Etí-Òkun wó sínú omi. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti gbúròó rẹ̀ mọ́."

"Ẹ kò sì gbé fóònù yìí lọ síbì kankan?"

"Òfin Ogójì ńkọ́? Ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ tó bá pé ogójì ọjọ́, òkú ni. Ẹni tó bá hú u, ẹ̀wọ̀n ni. Ọdún yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kí ìyá lè hú ti ọmọ."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀rù ló ba àwọn tó ṣe é. Àwọn bàbá wa fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ ba ayé ara wọn jẹ́ jù." Fákúnlé dìde, ó ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò tóbi ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Ó ní apá irin méjì tó tín-ín-rín bí ìwo ìgbín, ó sì ní pátákó funfun kan níwájú tí ọ̀rọ̀ máa ń hàn sí. "Àwárí lorúkọ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwárí lobìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Ohun tí a bá gbé fún un, ó di dandan kó wá a."

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gbà kó má wò. Bó ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tó ti mọ̀wé: ohunkóhun tó bá ní lẹ́tà lára, ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. "Bàbá, ṣé ohun tí èèyàn ti pa rẹ́ lè wà níbì kan lóòótọ́? Mo rò pé bí ìgbà tí a fi omi nu síléètì ni."

"Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó. Bí ẹ bá pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú fóònù, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nílé. Nọ́ńbà ojúlé rẹ̀ nìkan ni fóònù ń yọ kúrò lára ògiri. Kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú ilé, ó jókòó. Ìgbà tí àlejò tuntun bá dé, tó ń wá yàrá, ni fóònù á ní, 'Yàrá yẹn ṣófo, wọlé síbẹ̀.' Àlejò á wọlé, á sì tẹ onílé mọ́lẹ̀."

"Bíi ti Àìná," ni Ìbídùn wí.

Fákúnlé gbójú sókè. Kò rò ó dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Bíi ti Àìná. Nítorí náà, mo ní láti bi yín. Ẹ lo fóònù yìí lẹ́yìn tí ẹ pa á rẹ́?"

"Rárá. Àfi fọ́tò kan. Mo gbé e lọ bá tíṣà, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo bú sẹ́kún. Ó wá ya fọ́tò mi kí n lè rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀nà ilé ni òjò ti ká mi mọ́."

"Áà. Fọ́tò! Àlejò oníwọ̀ra ni fọ́tò, yàrá kan kì í tó o. Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná."

Ó gbé fóònù sí àárín ìwo méjèèjì. Àwárí bẹ̀rẹ̀ sí kùn bí oyin inú igbá. Ìwo rẹ̀ ń rìn lórí gíláàsì, ó ń dúró, ó ń padà, ó tún ń lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwòrán kan là lójú pátákó: obìnrin kan tí ojú rẹ̀ wú fún ẹkún, tó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín, ó gbé síléètì sí àyà. Ohun tó wà lójú síléètì náà kò ju lẹ́tà méjì lọ. Pa.

Ìbídùn wo obìnrin náà títí. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ló jẹ́ nígbà yẹn. Ó wù ú kó na ọwọ́ wọ inú àwòrán náà, kó sọ fún un pé, dúró, kà á dé ìdí.

Àwòrán náà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewúrẹ́ tó ń ti inú kùrukùru bọ̀.

*Ma wa.*

Lẹ́yìn náà ni àlàfo gígùn kan, eérú nìkan, bí oko tí iná ti jó kọjá. Ní ìparí àlàfo náà:

*Fi omi si ewa.*

"Mo ti wá a dé òpin," ni Àwárí wí. Ohùn rẹ̀ le, ó ń pe ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé níwájú adájọ́. "Àárín rẹ̀ ti lọ. Lẹ́tà mẹ́rin ló ṣáájú, kò sí àmì ohùn lórí wọn. Àmì náà kò sọnù. Ẹni tó kọ ọ́ ni kò fi sí i. Mo rí ìtumọ̀ méjì. Èkíní: Má wá. Èkejì: Máa wá. Gbólóhùn ìkẹyìn: Fi omi sí ẹwà. Èyí jọ ìmọ̀ràn nípa ìtọ́jú awọ ara."

"Awọ ara kẹ̀!" ni Fákúnlé wí. Ó yíjú sí Ìbídùn, ẹ̀rín náà sì kú lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá Àìná, òfin ò gba ọ̀rọ̀ tí kò lámì. Ẹni tó mọ ẹnu ọmọ náà ló gbọ́dọ̀ fi àmì sí i, kó sì búra lé e. Bí ẹ bá ní 'Má wá,' a jẹ́ pé ó ti yọ ara rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín. Orúkọ á kúrò. Bí ẹ bá ní 'Máa wá,' ẹ̀yin ló ń pè sọ́dọ̀. Orúkọ á kúrò náà, wọ́n á sì fún yín ní ìwé ìjáde. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó sọ̀ kalẹ̀, ibodè kì í gbà á padà."

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo jẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta."

Ó fa àga sún mọ́ pátákó, ó fi ìka ìlábẹ̀ sí abẹ́ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ bí tíṣà ṣe kọ́ wọn. M. A. Ó dúró. A kan ṣoṣo. Ohùn tíṣà padà wá sí i létí: *Máa lọ, a méjì, bí ẹsẹ̀ méjì tí èèyàn fi ń rìn. Má lọ, a kan. Ẹni tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan kò lọ síbì kankan.* Òun ló gba máàkì tó ga jù lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ èyí.

"A kan ni," ló wí. "Má wá ni. Ó ní kí n má wá."

"Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, mo ti mọ̀wé báyìí. A kan ni."

"Ẹ̀yin mọ̀wé. Àwọn ọmọ ìgbà yẹn kò kọ ọ́ bí ẹ ṣe kọ́ ọ! Ọ̀nà fóònù ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ń ṣọ́ lẹ́tà lò bí ẹni ń ṣọ́ iyọ̀ lò nínú ọ̀dá. A méjì lè di kan. Àmì ohùn? Wọn kò tilẹ̀ mọ ibi tó wà. Mo ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ ọmọkùnrin kan tó fẹ́ sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ́ fún bàbá òun. Àwárí kà á pé ọkọ ló fẹ́ rà."

Ẹ̀gbà gbọ̀n. "Ó ku ìdajì wákàtí."

Ìbídùn kò gbọ́ ọ dáadáa. Inú ọkàn ara rẹ̀ ló wà, ó ń yí ọ̀rọ̀ méjì náà padà. Bí Àìná bá ní kó má wá, a jẹ́ pé odi ti ń wó lọ́jọ́ náà, ó ń dáàbò bo ìyá rẹ̀ ni. Àìná lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ní kó máa wá, a jẹ́ pé ó ti jókòó sí ìsàlẹ̀ fún ọdún méje, ó ń wo ojú ọ̀nà, ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé ìyá òun kò rí ọ̀rọ̀ òun ni. Èyí ló dùn ún jù. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn Àìná lọ́kàn rẹ̀, ó rí bó ṣe máa ń jẹ èékánná bó bá ń dúró de èèyàn.

"Ọmọ mi ni," ló wí lójijì, ó dìde. "Ibodè lè ti ilẹ̀kùn mọ́ mi bó bá wù ú. Bó bá jẹ́ pé ó pè mí lóòótọ́, màá lọ."

Ó ti ń na ọwọ́ sí àpò rẹ̀ kó tó dúró.

"Kí ni mo wí?"

"Ẹ ní ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ."

"Rárá. Bó ṣe ti ẹnu mi jáde gan-an ni mò ń bi yín."

Fákúnlé ronú. "Ẹ ní, 'Màá lọ.'"

"Màá lọ," ni Ìbídùn tún un wí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Màá lọ. Màá wá." Ó yíjú padà sí pátákó. Kì í ṣe lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ ló wò báyìí, ìlà ìsàlẹ̀ ni. Fi omi si ewa. Ó kà á pẹ̀lú ìka. Ó tún un kà. Ó sì pariwo tó jẹ́ pé Fákúnlé fò sẹ́yìn.

"Ẹ̀wà! Ẹ̀wà jíjẹ ni! Ẹ gbà mí o, ẹ̀rọ yìí ní ẹwà! Bàbá, láti kékeré ni Àìná ti máa ń pẹ́ kó tó wọlé. Tí mo bá sì gbé ẹ̀wà kaná, á ránṣẹ́ ṣáájú: ẹ sọ fún ìyá mi kó fi omi sí ẹ̀wà. Kó má baà gbẹ kí òun tó dé. Gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi ń pè é, Fomi-sẹ́wà." Omi ti kún ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò bá ní jẹ níbẹ̀ kì í ní kí wọ́n fi omi sí i. Kò ní kí n má wá. Kò ní kí n máa bọ̀. Ó ní, 'Màá wá.' Òun ló ń bọ̀!"

"Màá kò sí nínú ìwé mi," ni Àwárí wí.

"Ìwé adájọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ," ni Fákúnlé wí, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì fún ọmọ rẹ̀. "'Èmi yóò wá' nìkan ló mọ̀."

"Ta ló ń sọ 'èmi yóò wá' fún ìyá rẹ̀?"

"Ẹ kọ́ ọ nígbà náà. Ó lè kọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, bí ẹnìkan bá kọ ọ́ sí i lójú." Ó mú kálámù irin kan fún un.

Ìbídùn gbà á. Ó kọ M. Ó kọ a, ó fi àmì sí i, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ a mìíràn, ó fi àmì sí i, èyí tó ń gòkè. Ó wo ohun tó kọ. Ọ̀rọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì gòkè padà, bí ẹni tó lọ sí Etí-Òkun tó sì ń bọ̀ wálé.

"Màá," ni Àwárí kà. "Màá. Mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé ẹ̀gbà yín lé mi kí ẹ sì búra."

Ó gbé ọwọ́ lé e. Irin náà tutù. Ó wo Fákúnlé. "Bàbá, ọdún méje. Kò sì wá."

"Ẹ̀gbà yìí kò mọ ọjọ́ ọ̀la," ni Fákúnlé wí. "Ìyèméjì nìkan ló ń mọ̀. Wọn kò bi yín bóyá ó máa dé. Ohun tó sọ ni wọ́n ń bi yín. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó sọ?"

Ìbídùn mí sínú. "Mo mọ̀ ọ́n. Èmi Ìbídùn, ìyá Àìná, mo búra. Ó ní, 'Màá wá.'"

Ẹ̀gbà dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Fákúnlé fi kó ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ohùn jẹ́jẹ́ náà wá jáde: "Orúkọ Àìná dúró lẹ́nu ibodè fún ọdún méje sí i. Àwọn àlejò yín yóò dé ní agogo méjì. Ẹ kú ìnáwó àlejò."

Àwárí tún kùn, ọ̀rọ̀ méjì sì yọ lójú pátákó, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀.

*Pa rẹ́.*

*Pa mọ́.*

"Ó ń bi yín nípa àtẹ̀jíṣẹ́ náà," ni Fákúnlé wí. "Tí a bá ti búra lé ọ̀rọ̀, òfin gbà kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ṣé kí n bá yín tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀."

Ó fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ òkè. P, a. Kò dúró síbẹ̀. R, ẹ, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àmì òkè. Ó kà á dé ìdí. Ó sọ ìka kalẹ̀ sí èkejì, ó ka ìyẹn náà dé ìdí, ó padà sókè, ó tún ka méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Fákúnlé wo fèrèsé. Kò kán an lójú.

Ó tẹ ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló so àpò ẹ̀wà rẹ̀ lẹ́nu, ó gbé e kọ́ èjìká.

"Ẹ kò ní fi ẹ̀wà yẹn sílẹ̀ fún adìẹ?" ni Fákúnlé bi í. "Kòkòrò ńkọ́?"

"Mo máa ṣà á kúrò. Èèyàn márùn-ún ló ń gòkè bọ̀, wọn ò tíì jẹun. Pẹ̀lú èmi, mẹ́fà." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó yíjú padà. "Méje. Ẹ̀wà ọlọ́dún méje sì nìyí, Bàbá. Ó máa gba omi."